Ìbí Lápá Òsì, Ikú Lápá Ọ̀tún

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: obìnrin tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Màdáámù Kọ̀ǹpútà yẹn, ìgbéraga rẹ̀ ju ẹ̀rọ tó ń bójú tó lọ. Ẹ̀rọ mẹ́sàn-án péré! Kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú, kì í ṣe ilé iṣẹ́ iná mànàmáná. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mẹ́sàn-án tí eruku ti wọ̀ nínú, nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ ìwé ẹ̀rí ìbí, ti ìgbéyàwó àti ti ikú fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rìn láàárín àwọn tábìlì náà, tí bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò, ẹ ó rò pé òun ló dá Wíńdò inú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ tó sì fi í ta aráyé lọ́rẹ.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni olú ilé iṣẹ́ rán an wá, pé kó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìtọ́jú kọ̀ǹpútà: bí wọ́n ṣe ń pa á láìfa okùn iná yọ lára ògiri, ibi tó yẹ kí fáìlì máa gbé, bí ènìyàn ṣe ń yan pásíwọ́ọ̀dù tí ọmọ ọdún mẹ́rin kò ní lè mọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wo gbogbo wọn láti òkè délẹ̀, ó wò wọ́n láti ìsàlẹ̀ padà sókè, ó pòṣé. "Ṣìọ̀."

Ká sòótọ́, wọ́n fún un ní nǹkan tó lè pòṣé sí. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, nítorí kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé yìí. Inú agbọ̀n ìdọ̀tí orí kọ̀ǹpútà ni Jẹ́jẹ́ ń kó àwọn lẹ́tà pàtàkì rẹ̀ sí. Nígbà tí Màdáámù bi í pé kí ló dé, ó ní, "Màdáámù, ta ló máa ń lọ jalè nínú ìdọ̀tí?" Akọ̀wébìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ iwájú ẹ̀rọ, ó wá fi bébà mìíràn bò ó, ó kọ ọ́ sára bébà kejì yẹn pé: Má ṣí i o. Ọ̀gá Ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí kọ̀ǹpútà bá bi í ní ìbéèrè, yóò ti tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" kí ìbéèrè tó parí. Bó ṣe ń fọwọ́ sí ìwé náà nìyẹn: kò ní gbójú sókè, pá, bí ẹni ń pa eṣinṣin.

"Ẹ̀yin ènìyàn yìí," Màdáámù a máa wí, "kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì máa kanlẹ̀kùn."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á padà sídìí iṣẹ́ wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Ẹni tí wọ́n rán wá láti òkè ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń mú un bínú jù ni obìnrin àgbàlagbà kan, Màmá Ìdí Fèrèsé. Màmá yìí ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àti oṣù mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ náà. Oṣù méjì ló kù kó pé ọdún márùndínlógójì, kí wọ́n fún un ní ìwé ìdúpẹ́, kó máa lọ sílé pẹ̀lú iyì. Láti ayé táípíráítà onírin ló ti ń bá wọn bọ̀. Ìka rẹ̀ a máa rọ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù bí òjò sórí páànù, kò sì ní wolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ti ká tẹ ìwé, Màdáámù alára kò tó ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò fẹ́ràn láti rántí rẹ̀.

Ojú kọ̀ǹpútà Màmá ló ń dùn ún. Àwòrán fáìlì ti àwọn yòókù wà ní ìwọ̀n èékánná, tirẹ̀ tóbi bí ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀kan wà ní igun òkè lápá òsì, ọ̀kan wà ní igun òkè lápá ọ̀tún, ọ̀kan dá dúró láàárín bí ọmọ òrukàn, àwọn tó kù wà káàkiri, ọ̀nà wọn jìn síra wọn. Lẹ́tà inú rẹ̀ rí gbàǹgbà débi pé ẹni tó bá ń kọjá lójú títì lè kà á láti ìta.

"Màmá, ojú kọ̀ǹpútà yín rí bí ilé tí olè ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀," Màdáámù wí fún un lójú gbogbo ènìyàn.

"Ẹ má bínú, Màdáámù," ni Màmá dáhùn. "Bó ṣe mọ́ mi lára nìyẹn."

Ṣé ẹ gbọ́ "ẹ má bínú, Màdáámù" yẹn? Ẹ mú un dání dáadáa. Nítorí Màmá Ìdí Fèrèsé yẹn ló lóyún rẹ̀, òun ló bí i, òun ló fọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Inú ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé! Olú ilé iṣẹ́ rán an wá, wọn ò fún un nílé. Ó gbé àpótí rẹ̀ padà sí yàrá tó ti sùn nígbà tó wà ní kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ìyá ti ń fọwọ́ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, ọmọ ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbi iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bí mi."

Ìyá dáwọ́ dúró. "Kí ló ṣe?"

"Wọn ò ní bẹ̀rù mi. Wọ́n á ní ọmọ Màmá Ìdí Fèrèsé ni, wọ́n á máa rán mi níṣẹ́."

Irọ́ ni. Bàtà rọ́bà ìyá rẹ̀ ló ń tì í lójú, àti báàgì tí ìyá fi okùn so, àti ẹ̀rín ìyá tó máa ń gba gbogbo ilé kan. Kò fẹ́ kí àwọn tó ń pòṣé sí mọ̀ pé àárín wọn lòun ti wá.

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ó dáa. Kí ni n ó wá máa pè ọ́?"

"Màdáámù ni gbogbo wọn á máa pè mí."

"Màdáámù! Ẹ káàárọ̀ o, Màdáámù! Ṣé ẹ ti fọ ẹ̀yìn etí?" Ó nu omi ẹ̀rín kúrò lójú. "Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti wọnú ilé báyìí, ọmọ mi ni ọ́ o. Mi ò ní bá ọ ṣe Màdáámù nínú ilé tí mo ti nu ìdí rẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Wọn kì í jọ jáde, wọn kì í jọ wọlé. Lọ́ọ́fíìsì, "Ẹ káàárọ̀, Màdáámù." Nílé, "Ìwọ ọmọ yìí, wá bá mi ka ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sórí fóònù yìí."

"Ẹ̀yin náà ò ṣe kà á?" ọmọ á wí. "Màmá, ọ̀lẹ ti ń bá yín jà o."

Bí ìyá bá fẹ́ bu omi mu, á ti ìka bọnú ife, á máa da omi títí omi á fi kan ìka náà. Ọmọ á yínmú. "Irú ìwà ọ̀bùn wo nìyí, Màmá?" Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àga kúrò níbi tó wà, ìyá á pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè. "Ogbó ti dé," ọmọ á sọ sínú, á tún pòṣé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìtàn yìí ti mọ̀. Ọmọ ilé ìwé kékeré á ti mọ̀. Ojú ìyá ń lọ ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí nǹkan funfun ti ń ta bo ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, tó ń sún wọ àárín díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ti sọ fún un pé èyí tó ti lọ kò ní padà. Kò sọ fún ọmọ. Ó mọ irú ọmọ tóun bí. Òfin ibi iṣẹ́ wọn ni pé òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò bá gbé iṣẹ́ mọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ni á fi ibẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ìwé ìdúpẹ́, kò sí ẹni tí yóò dìde kí i, á kàn lọ bí àlejò tó ṣìnà. Oṣù méjì ni Màmá ń tọrọ lọ́wọ́ ojú rẹ̀. Oṣù méjì péré, kó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú ilé tó fi ìgbà èwe rẹ̀ sìn.

Nítorí náà ló ṣe to kọ̀ǹpútà rẹ̀ bó ṣe tò ó. Tí ènìyàn kò bá ríran, igun nìkan ni kò ní sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́: á ti máòsì sókè sápá òsì títí tí kò fi ní lè lọ mọ́, á fà á padà bín-ín-tín, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ìbí wà. Ikú wà ní igun ọ̀tún. Ìgbéyàwó wà láàárín gbùngbùn. Bí fọ́ọ̀mù bá ti ṣí, ìka ló mọ ọ̀nà yòókù, nítorí bákan náà ni àyè inú fọ́ọ̀mù ìbí àti ti ikú ṣe tò.

Ta wá ni ojú rẹ̀? Jẹ́jẹ́ ni. Jẹ́jẹ́ tó ń kó lẹ́tà sínú ìdọ̀tí yẹn! Ẹ̀yìn Màmá ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Gbogbo ìwé tí Màmá bá tẹ̀, Jẹ́jẹ́ á kà á bó ṣe ń jáde. Bó bá péye, á fi bírò kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, kó-kó, Màmá á dìde, á gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Bí kò bá péye, á wúkọ́. Akọ̀wébìnrin ẹnu ọ̀nà ní tirẹ̀ máa ń ka ìkéde ara ògiri sókè bí ẹni ń ṣòfófó, kí Màmá lè gbọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é, wọn kò sì bá ara wọn sọ ọ́. Màdáámù rí gbogbo rẹ̀, ó rí bírò, ó gbọ́ ikọ́, ó gbọ́ òfófó, ohun tó sì sọ ni pé, "Iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí, eré ni wọ́n ń ṣe." Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Òun ń gbé pẹ̀lú èyí tí inú ń run, kò mọ̀.

Ìròyìn wá dé pé Olùbẹ̀wò ń bọ̀ láti olú ilé iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Tó bá rí i pé kọ̀ǹpútà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán rí bákan náà, tí wọ́n wà ní mímọ́, tí wọ́n ní pásíwọ́ọ̀dù tó lágbára, wọ́n á gbé Màdáámù padà sókè, wọ́n á fún un ní yàrá tirẹ̀ àti ènìyàn mẹ́wàá lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà ìgbéga rẹ̀ ti wà nínú fáìlì Olùbẹ̀wò. Ọwọ́ ló kù kó fi sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, wákàtí méjì kí ẹnikẹ́ni tó dé, Màdáámù ti wà ní ọ́fíìsì. Òun nìkan ló ní àṣẹ alákòóso lórí gbogbo ẹ̀rọ náà, kò sí èyí tí kò lè wọ̀. Ó wọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú agbọ̀n ìdọ̀tí àti gbogbo àwòrán tó jẹ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kúrò lójú kọ̀ǹpútà, kí Jẹ́jẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má rí ohun tí wọ́n á fi ṣe àpótí. Ó sọ gbogbo lẹ́tà di ìwọ̀n kan. Ó ní kí ẹ̀rọ to fáìlì ní ìtòtẹ̀léra ábídí, ó wá tì í pa, kí ẹnikẹ́ni má lè sún ohunkóhun mọ́.

Nígbà tó kan ẹ̀rọ ìdí fèrèsé, ó dá rẹ́rìn-ín. "Ilé olè." Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbogbo àwọn ẹ̀ṣẹ́ ńláńlá wọ̀nyẹn sì súnkì di èékánná, wọ́n sáré tò lẹ́sẹẹsẹ sápá òsì bí ọmọ ogun. Ó tún rẹ́rìn-ín ni, àbí kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Kò tilẹ̀ ka orúkọ wọn. Ìbá kà á ni, ìbá rí i pé orúkọ fọ́ọ̀mù ìbí ni "Ọmọ Tuntun", ti ìgbéyàwó ni "Tọkọtaya", ti ikú sì ni "Aláìsí". Nínú ábídí, Aláìsí ló ṣáájú gbogbo wọn. Òun ló wá jókòó sí igun òkè lápá òsì, níbi tí ọmọ tuntun ti máa ń wà.

Ó kọ òfin mẹ́jọ sínú bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Òfin kẹta sọ pé ojú gbogbo kọ̀ǹpútà ti yí padà, kí olúkúlùkù kà á kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ó rò pé ohun tóun kọ ti tó.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé, Jẹ́jẹ́ kò lè ṣí ẹ̀rọ rẹ̀. "Mo ti pa pásíwọ́ọ̀dù yín rẹ́," Màdáámù wí. "Ẹyọ kan sí márùn-ún tẹ̀ léra, ṣé pásíwọ́ọ̀dù nìyẹn, àbí ẹ ń ka ewúrẹ́? Ẹ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan òmíràn lórí ẹ̀rọ ibẹ̀, ẹ má sì jáde títí n ó fi pè yín."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, nǹkan kán Jẹ́jẹ́ lójú. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lónìí. N ó kọ́ ọ lọ́la."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni?"

Jẹ́jẹ́ wo ẹ̀yìn Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi báàgì olókùn rẹ̀ kọ́. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Bó bá sọ ìdí rẹ̀, ó ti tú Màmá fó. Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Akọ̀wébìnrin ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Màdáámù ti rán òun lọ dúró de Olùbẹ̀wò lójú títì.

Oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé jẹ́ wẹ́dà kan, ajórin, gbogbo apá rẹ̀ kún fún àpá iná, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ obìnrin lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń retí. Ọmọ ọjọ́ mẹ́tàlá.

"Ẹ kú oríire o!" Màmá wí. "Ọmọ á dàgbà, á tọ́jú yín. Ẹ jókòó, ẹ máa pè é fún mi."

Ó ti máòsì sí igun òkè lápá òsì, ó fà á padà bín-ín-tín, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́ọ̀mù ṣí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà gbàǹgbà tí òjìji rẹ̀ máa ń hàn sí i díẹ̀ kò sí mọ́. Gbogbo rẹ̀ funfun bí ògiri. Ó ṣẹ́jú. Ó yíjú sẹ́yìn díẹ̀, ó fi ohùn kékeré pè: "Jẹ́jẹ́?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Bàtà kan ló dún, kò-kò-kò, bàtà ọkùnrin sì tẹ̀ lé e. Olùbẹ̀wò ti dé. Màdáámù ló ń sọ̀rọ̀, ó fi ohùn dídùn bẹ̀rẹ̀, ó fi èyí tó le parí rẹ̀: "Bí ẹ ti ń rí wọn yìí, ọ̀gá, gbogbo wọn rí bákan náà. Màmá, ẹ dá ọkùnrin yìí lóhùn kíá, ẹ má jẹ́ kó dúró bí òpó!"

Màmá tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ọmọ, ọjọ́, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá. Ìka rẹ̀ kò ṣìnà níbì kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ ìwé jáde. Ó dúró, ó ń retí bírò. Bírò kò dún. Ikọ́ kò dún. Ó gbé e tọ Ọ̀gá lọ, Ọ̀gá pa eṣinṣin tirẹ̀, pá, kò gbójú sókè. Ọ̀gá tí ojú rẹ̀ mú ṣáṣá! Màmá padà wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún wẹ́dà.

Wẹ́dà kà á pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

"Ta ló kú?"

"Ẹ ní kí ni?" Màmá bi í.

"Mo ní ta ló kú! Ọmọ mi lẹ kọ síbí! Mo fi í sílẹ̀ nílé tó ń mú ọmú, ẹ kọ ọ́ pé ó ti kú! Ọdún mẹ́sàn-án! Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ṣé orí yín pé?" Ó ń pariwo, omi sì ti wà lójú rẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì dìde.

Ojú ti Màdáámù níwájú Olùbẹ̀wò. Ẹ má rò pé ti ìyá rẹ̀ ló rò. Lẹ́tà tó wà nínú fáìlì ló rò. "Ọ̀gá, mo ti kọ nípa obìnrin yìí nínú ìwé ìròyìn mi," ó wí. "Kì í gbọ́ ẹ̀kọ́. Mo lẹ òfin mọ́ ògiri, kò kà á. Ohun tó bá sì tẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í kà á." Ó já ìwé gbà lọ́wọ́ wẹ́dà, ó fi sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ kà á sókè! Ẹ ka ohun tí ẹ kọ, kí gbogbo wa gbọ́!"

Màmá di ìwé náà mú dáadáa, ó gbé e dé iwájú. Ó sì kà á. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ìwé ẹ̀rí ìbí. A fi ìwé yìí jẹ́rìí fún gbogbo ayé pé a bí ọmọ yìí láàyè..." Ó kà á dé ìparí, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Lókè bébà náà, wọ́n fi lẹ́tà dúdú kọ ọ́ pé: Ìwé Ẹ̀rí Ikú.

Wẹ́dà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìbínú rẹ̀ ti wálẹ̀. "Màmá," ó wí, "ẹ ò ríran."

Jẹ́jẹ́ ti jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó rí ojú kọ̀ǹpútà Màmá, ó fọwọ́ lérí.

Olùbẹ̀wò kì í ṣe ènìyàn burúkú, kì í sì í ṣe ènìyàn rere. Òfin ló ń jẹ. Ó bi Màmá pé báwo ló ṣe wá ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.

"Mo mọ ibi tí mo gbé nǹkan mi sí, ọ̀gá. Ìbí wà lápá òsì, ikú wà lápá ọ̀tún, ìgbéyàwó wà láàárín. Mi ò ṣì í rí." Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e. Ó yí ojú sápá ibi tí ohùn Màdáámù ti wá.

"Wọ́n ti tún un tò!" Jẹ́jẹ́ kígbe. "Láàárọ̀ yìí ni wọ́n tún un tò!"

"Màdáámù wa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an," Màmá wí. "Iṣẹ́ rẹ̀ dáa. Ojú mi ni kò dáa."

Màdáámù wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó di ìwé náà mú. Ó rí ìka kan tó máa ń wọnú ife kí omi tó wọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà, fóònù, àga, ife, bírò Jẹ́jẹ́. Ó yé e, ó sì dúró síbẹ̀.

Olùbẹ̀wò pa fáìlì rẹ̀ dé. Ó ní òun bá Màmá kẹ́dùn, ṣùgbọ́n òfin ni òfin, òní ni òpin iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé ẹ lọ́mọ tó lè wá mú yín lọ sílé?"

Màmá kò dáhùn kíá. Ó dúró, ó tó ìgbà tí ènìyàn lè fi ka ení títí dé ẹ̀wá. Ó ń tẹ́tí sílẹ̀. Màdáámù la ẹnu. Ó wo Olùbẹ̀wò, ó wo fáìlì tí lẹ́tà wà nínú rẹ̀, ó wo Jẹ́jẹ́ àti wẹ́dà àti Ọ̀gá tó di bírò mú, àwọn tó ti ń pòṣé sí láti oṣù mẹ́ta. Ó pa ẹnu dé.

"Mo ní ọ̀kan," Màmá wí. "Kò sí nítòsí."

Jẹ́jẹ́ gbé báàgì olókùn. Wẹ́dà tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ sínú ìwé láàárọ̀ ọjọ́ náà ló di Màmá lápá mú, tó ń sọ fún un pé, "Àtẹ̀gùn kan rèé, Màmá, ó tún ku ọ̀kan." Gbogbo òṣìṣẹ́ dúró lórí ẹsẹ̀ títí wọ́n fi jáde. Màdáámù náà wà lórí ẹsẹ̀. Olùbẹ̀wò yẹ kọ̀ǹpútà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yòókù wò, ó ní iṣẹ́ náà mọ́, ó fọwọ́ sí lẹ́tà, ó sì lọ.

Lẹ́yìn tó lọ tán, Màdáámù jókòó sídìí fèrèsé. Ó tú ìdè tó fi ti ẹ̀rọ náà. Ó fa Ọmọ Tuntun sí igun òsì, ó fa Aláìsí sí ọ̀tún, ó sọ lẹ́tà di gbàǹgbà. Àwọn tó kù ńkọ́? Ó mú ọ̀kan, kò mọ ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó mú èkejì, kò mọ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi ń bú ojú kọ̀ǹpútà yẹn, kò wò ó rí. "Ẹ fi í sílẹ̀," Jẹ́jẹ́ tó ti padà dé wí fún un láti ẹ̀yìn. "Ta lẹ ń tò ó fún?"

Nígbà tó délé, oòrùn ò tíì wọ̀. Ìyá jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ó gbọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

Ìyá dìde. Ó dìde nàró, bí òṣìṣẹ́ ti ń dìde fún ọ̀gá, ó sì tẹ orí ba díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáámù," ó wí. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Àga wà lápá ọ̀tún yín."

Ọmọ wo apá ọ̀tún. Àga náà wà níbẹ̀.